Ẹni Tó Ni Ẹfọ̀n Ló Ni Ilé Ẹ̀rọ

Ṣé o mọ̀ pé Amul, ilé-iṣẹ́ mílíìkì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Íńdíà, kì í ṣe ti olówó kankan? Àwọn àgbẹ̀ abúlé ló ni ín, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ju ẹran méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Ìjà ló bí i. Láyé òyìnbó amúnisìn, ilé-iṣẹ́ Polson ni ìjọba fún láṣẹ láti máa kó wàrà agbègbè Kaira, ní Gujarat òde òní, lọ sí Bombay. Iye tó bá wu alágbàtà ló ń san. Wàrà kò kúkú ṣeé tọ́jú pamọ́ bí iṣu: kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kan. Ní 1946, Tribhuvandas Patel kó àwọn àgbẹ̀ jọ, wọ́n ní àwọn ò tà mọ́. Ọjọ́ 15 ni wàrà Kaira ò fi dé Bombay, títí ìjọba fi gbà fún wọn. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, tó wá di Amul, sílẹ̀: abúlé méjì, 247 lítà wàrà.

Ṣé o mọ̀ bí owó ṣe máa ń dé ọwọ́ wọn nígbà yẹn? Ìyá onílé á gbé wàrà àárọ̀ dé ibùdó ẹgbẹ́ lábúlé. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yẹ ọ̀rá inú rẹ̀ wò níṣojú rẹ̀, òun ni wọ́n á fi ṣírò owó. Owó àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń gbà á. Ti ìrọ̀lẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá bu omi sí i, ara rẹ̀ ló jà lólè. Lórí ìlà ibùdó yẹn, ọmọ ìran tí Íńdíà kà sí ńlá àti ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìmọ́ nítorí ìran rẹ̀ jọ ń tò tẹ̀lé ara wọn ni. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n tí àgbẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀rọ ńláńlá lọ. Ẹgbẹ́ náà ló ń rán dókítà ẹran sí wọn. Ta ni ìbá gbà á fún ẹfọ̀n kan ṣoṣo?

Àní, ẹfọ̀n ni! Kì í ṣe èyí tí ọdẹ wa ń bá pàdé nínú igbó o. Ẹran ọ̀sìn ni, ọmọdé ń dà á lọ sódò. Ọ̀rá wàrà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti màlúù. Nígbà òtútù, wàrà rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ohun tí Bombay lè rà lọ, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó sì ní kò ṣeé sọ di mílíìkì gbígbẹ. H. M. Dalaya, onímọ̀ iṣẹ́ wàrà ẹgbẹ́ náà, ṣe é. Ní 1955, ilé ẹ̀rọ mílíìkì gbígbẹ náà ṣí ní Anand, ìlú kan ní Kaira, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé.

Ṣé o mọ̀ pé Verghese Kurien, ẹnjiníà tó darí iṣẹ́ náà, kì í mu mílíìkì? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ní 1949 tí ìjọba rán an lọ sí Anand, bí yóò ṣe tètè kúrò níbẹ̀ ló ń wá; ibẹ̀ ló dàgbà sí. Láti 1970, nígbà tí mílíìkì gbígbẹ àti ọ̀rá bọ́tà pọ̀ ní Yúróòpù tí wọ́n ń fi ta Íńdíà lọ́rẹ, kò jẹ́ kí ọ̀fẹ́ ba ọjà àgbẹ̀ jẹ́: wọ́n tà á, wọ́n fi owó rẹ̀ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ káàkiri. Ní 1998, Íńdíà kọjá Amẹ́ríkà nínú wàrà pípèsè.

Àwọn àgbẹ̀ yìí tún ṣe fíìmù. Àwọn 500,000 ló dá rupee méjì-méjì, Shyam Benegal sì fi ya *Manthan* ní 1976, lórí ìtàn tiwọn. Ní 2024, wọ́n tún ẹ̀dà fíìmù náà ṣe, wọ́n sì fi í hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes.