Bí Wọ́n Bá Fún Ọ Ní Owó Ayédèrú



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ra búrẹ́dì ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀ wa níbí. Ìyá tó ń tà á fa ẹgbẹ̀rún náírà kan yọ, ó ní: "Ààfáà, ẹ bá mi wo owó yìí." Mo fọwọ́ pa á, ó ń yọ̀ bí bébà lásán. Ayédèrú ni. Èrò ọkọ̀ kan tó ń kánjú ló fi rajà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ó wá bi mí pé: "Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá kì í sáàárín owó mìíràn kí n ná an?"

Ìbéèrè náà wúwo, nítorí èrè ọjọ́ kan lè má tó bẹ́ẹ̀ fún arọ̀bọ̀. Mo ní: "Ìyá wa, nígbà tí ẹ gbà á, ẹni tí a rẹ́ jẹ ni yín. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ ná an, ẹ̀yin náà di arẹ́nijẹ." Òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 2007 sọ pé ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá ṣe ayédèrú náírà kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 5. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń ná an náà kò bọ́ lọ́wọ́ òfin.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá sí i pé: "Bó bá jẹ́ ilé tẹ́tẹ́ la ná an fún ńkọ́? Owó tiwọn kò kúkú mọ́." Mo sọ ọ̀rọ̀ Christian Lusardi fún un. Ní ilé tẹ́tẹ́ ńlá, wọn kì í fi owó gan-an ta. Ṣíìpù, àmì roboto pẹlẹbẹ, ló dúró fún owó. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ọkùnrin yìí kó ayédèrú ṣíìpù wọ ìdíje káàdì ní Borgata, ní Atlantic City, Amẹ́ríkà. Ó da ìyókù sí ṣáláńgá òtẹ́ẹ̀lì, páìpù dí, àṣírí tú. Ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 5.

Lóòótọ́, tẹ́tẹ́ jẹ́ hàráámù. Ó wà nínú Súrátùl Máídà. Ṣùgbọ́n olè kò di hàlálì nítorí pé ilé tẹ́tẹ́ la ti jà á. A kì í fi ẹrẹ̀ fọ ẹrẹ̀.

Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó so owó náà sí etí ìró lọ́tọ̀, kó má baà dàpọ̀ mọ́ èyí tó mọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ máa fọwọ́ pa owó, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí oníbàárà tó kúrò níwájú yín. Èyí tó bá kọ yín lóminú, ẹ mú un lọ sí báńkì tàbí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀yin ìjọ, bí irú èyí bá bá aláìní kan láàárín yín, ẹ dáwó fún un lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àdánù tí ènìyàn púpọ̀ bá pín kì í mú ẹnì kan ṣìwà hù.