Bí epo bàálù bá máa gba Odò Ọya dé Àbújá

Ní oṣù Kẹwàá 2022, omíyalé bo títì ní Lọ́kọ́jà, àwọn tánkà elépo há, ìlà sì gùn ní ilé epo Àbújá. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ èbúté odò tí wọ́n ń kọ́ sí Lọ́kọ́jà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ní 2009 ni ìjọba Yar'Adua bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ Odò Ọya kí báàjì lè máa kẹ́rù lọ sókè. Iṣẹ́ èbúté náà kàn ń falẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ó parí, kí epo bàálù náà sì rí ọ̀nà míì gbà. Àmọ́ epo yìí kì í gba ìgbékúgbèé.

Kerosíìnì ni, ẹbí èyí tí a ń rọ sí sítóòfù, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ le. Jet A-1 ni wọ́n ń pè é: kò gbọdọ̀ dì títí dé -47°C, oru rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbaná bí kò bá tíì gbóná tó 38°C. Ilé ìfọpo lè ṣe é bó ṣe yẹ, kí ìrìn-àjò wá bà á jẹ́. Dísù tó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ tánkà á mú kó tètè dì. Bẹntiróòlù díẹ̀ á mú kó tètè gbaná.

Omi ló burú jù. Á rọra balẹ̀ sísàlẹ̀, èbu á hù níbi tí òun àti epo ti pàdé, á sì dí asẹ́. Lókè, yìnyín ló ń dà. Ní January 2008, yìnyín dí ọ̀nà epo bàálù British Airways kan tó ti Beijing bọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ kò lágbára mọ́ bó ṣe kù díẹ̀ kó balẹ̀ sí Heathrow. Gbogbo èèyàn 152 inú rẹ̀ yè. Epo yẹn kò sì rú òfin kankan: ìwọ̀nba omi tí kì í tán nínú epo ló ṣe é. Nílé níbí, omi tí wọ́n bá nínú tánkì bàálù kan wà lára ohun tí àjọ NCAA tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú fi dá àwọn Boeing 737 ti ilé-iṣẹ́ bàálù Max Air dúró fúngbà díẹ̀ ní oṣù Keje 2023.

Nítorí náà, bí wọ́n bá máa já epo bàálù ní Lọ́kọ́jà, báàjì tó gbé e kò gbọdọ̀ gbé dísù tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́. Kí tánkì èbúté jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde. Kí wọ́n sì tún epo náà yẹ̀ wò níbẹ̀ kó tó wọ tánkà tó ń lọ Àbújá, torí ìwé ẹ̀rí ilé ìfọpo kò mọ ohun tó dà pọ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà.