Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Náà: Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ọlọ́pàá Mú Nítorí Ọtí Lójú Ọ̀nà

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun alùpùpù rẹ̀ kúrò ní òde ìgbéyàwó ní Kétu lóru, ó ń padà sí Pobè. Ó ti mu bíà méjì, wọ́n sì tún bu sódábì fún un lẹ́yìn oúnjẹ. Ta ni yóò kọ ọtí tí àwọn àna fi lọ̀ ọ́? Àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n ní kí ó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ. Kí wákàtí kan tó kọjá, ó ti wà ní kọmísárìà, ìwé èdè Faransé kan sì wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí. Àpèjúwe lásán ni èyí, ṣùgbọ́n kò sí ìdílé kan láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́ tí irú rẹ̀ kò lè kàn.

Kì í ṣe láti gbè lẹ́yìn ẹni tí ó mutí wakọ̀ ni a ṣe ń kọ èyí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà Cotonou sí Parakou ní òru, láàrin àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, mọ ohun tí ìṣẹ́jú àáyá kan lè fà. Ìdajì gíráàmù ọtí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn 0,5, ni òpin tí òfin fi lélẹ̀ fún awakọ̀ ní Benin. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lè ti kọjá rẹ̀. Kọfí kò lè dín in kù, omi tútù kò lè dín in kù. Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bíi 0,10 sí 0,15 gíráàmù ní wákàtí kan. Sódábì, tí àwọn ará wa ní òdìkejì ààlà ń pè ní ògógóró, le ju bíà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, a kì í sì í fi òṣùwọ̀n bù ú lóde.

Nígbà tí ìròyìn bá dé ilé, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí á wá àgbà kan tí yóò lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò burú, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti wọ inú ẹ̀bẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni lójú òfin, ẹni tí ó lọ gba ọmọ sílẹ̀ sì lè di ẹni tí a tì mọ́lé. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀bẹ̀ kò lè pa ohun tí a ti kọ sílẹ̀ rẹ́.

Ohun tí a kọ sílẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní procès-verbal. Òun ni procureur yóò kà láti pinnu bóyá ẹjọ́ yóò wà tàbí kò ní sí; òun náà ni yóò wà níwájú adájọ́. Èdè Faransé ni a fi ń kọ ọ́. Ẹni tí èdè náà kò bá yé dáadáa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ògbufọ̀, kí a sì ka ìwé náà fún un ní èdè tí ó gbọ́. Ibí yìí gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń kọsẹ̀. Ẹni tí ó ti lọ sí collège fún ọdún mélòó kan ń tijú láti sọ pé Faransé òun kò tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ó yé òun, ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó sọ pé «mo mu ọtí díẹ̀ lálẹ́» kò tíì jẹ́wọ́ ohun kan. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé «j'ai conduit en état d'ivresse», ó ti jẹ́wọ́ tán. Bí ohun tí wọ́n kà kò bá bá ohun tí ẹ sọ mu, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá tún un ṣe, ẹ lè kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ kọ̀. Kíkọ̀ láti fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀, ẹ má sì bá ọlọ́pàá jà.

Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ní abala 18, sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé a mú un dé iwájú adájọ́ tí ó pa á láṣẹ. Bí a bá tilẹ̀ fi kún un nítorí ìdí pàtàkì tí òfin là sílẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ. Abala kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè dí ẹni tí a tì mọ́lé lọ́wọ́ kí dókítà tí ó fúnra rẹ̀ yàn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn: ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, lè máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí láìfi ọtí kan ẹnu. Ẹ tètè béèrè dókítà, nítorí ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń yí padà bí wákàtí ti ń lọ.

Ẹ tètè béèrè agbẹjọ́rò pẹ̀lú. Òfin tí UEMOA ṣe ní ọdún 2014 lórí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, tí ó múlẹ̀ ní Benin àti ní Togo, fún un láyè láti wà pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti mú un, nínú ọgbà ọlọ́pàá pàápàá. Wákàtí tí wọ́n mú ọmọ náà, wákàtí tí wọ́n yẹ èémí rẹ̀ wò, iye tí ẹ̀rọ kọ, àti bóyá wọ́n ka ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un: ohun tí agbẹjọ́rò yóò kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Bí ẹnìkan bá farapa tàbí tí ó kú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọtí nìkan, kò sì sí ìdílé tí ó yẹ kí ó dá a gbé láìsí agbẹjọ́rò. Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀, procureur lè pa ẹjọ́ náà tì, tàbí kí ó fi í ránṣẹ́ sí ilé-ẹjọ́ kíákíá nípa ọ̀nà flagrant délit. Níbẹ̀, adájọ́ yóò béèrè bóyá olùjẹ́jọ́ fẹ́ àkókò láti múra sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń dáhùn pé rárá, kí ó ṣáà parí lónìí. Lójú tèmi, ìdáhùn yẹn wà lára àwọn ohun tí ń ná wa lówó jù.

Bí a bá ti dá ẹjọ́, tí kò sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kò gùn. Ẹ lọ sí greffe ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ béèrè ọjọ́ tí gbèdéke yóò pé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nínú ọgbà ilé-ẹjọ́.