Àrùn Kògbóògùn Ti Ń Gbóògùn

Ní Rumuomasi, ní ìlú Port Harcourt, ibà kì í ti ọmọ Yorùbá lójú. Bí ó bá mú un, kíá ni yóò dé ilé oògùn, tí yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti àyẹ̀wò kòkòrò HIV, fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la ni lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Orúkọ tí a sọ àrùn náà nílé wà lára ohun tí ó fà á. Ta ni yóò sáré lọ ṣe àyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní kò gbóògùn?

Orúkọ náà bá ìgbà rẹ̀ mu. Nígbà tí a kọ́kọ́ kéde àrùn Éèdì ní Nàìjíríà ní 1986, kò sí oògùn rẹ̀ níbì kankan. Ní oṣù Kẹjọ 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera tẹ́lẹ̀ rí, jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn náà ni ó pa àbúrò òun, Fela. Ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn tí ń so kòkòrò náà mọ́lẹ̀; ní 2006, ó di ọ̀fẹ́. Láti òpin 2016 ni ìlànà sì ti jẹ́ pé ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní kòkòrò náà kò ní dúró kí ara rẹ̀ bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Oògùn oníhóró kan lóòjọ́ ni. Kì í lé kòkòrò náà tán, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́ rì débi pé àyẹ̀wò kò ní rí i nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá dé ìpele yìí, tí kò dá oògùn dúró, kò ní kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Ohun tí ó ṣòro ni pé kòkòrò náà lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ kí onítọ̀hún fura, títí ikọ́ fée yóò fi wọlé.

Ìwádìí tí a ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 fi hàn pé ìdá 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ní Ìpínlẹ̀ Rivers ni ó ní in. Ti àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù jẹ́ 1.1. Èyí kò sọ pé ìwà ará ibẹ̀ burú ju ti ará ilé lọ, ìlú èrò ni Port Harcourt. Láti oṣù Kẹrin 2019 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti gbé akitiyan ńlá dìde níbẹ̀ láti wá àwọn tí kò mọ̀ kàn.

Ohun tí ó ń dá àwọn ará wa dúró jù ni ojú. Ọmọ ìlú tí a jọ ń ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Ìsinmi lè bá ẹni ní ilé ìwòsàn; kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìròyìn ti délé. Ẹni tí èyí ń bà lẹ́rù lè ra ohun àyẹ̀wò adáṣe tí ń lo itọ́ ẹnu. Bí ó bá fi hàn pé kòkòrò wà, ilé ìwòsàn ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Òfin 2014 kò sì gba ọ̀gá láyè láti lé òṣìṣẹ́ nítorí àrùn yìí.

Ìtọ́jú wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Port Harcourt ní Alakahia. Ẹni tí oògùn ti bá lára mu lè gba ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó fi lọ ṣe Iléyá tàbí Kérésìmesì nílé. Ẹni tí ó bá sì ń kó padà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo yóò gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀, kí ilé ìwòsàn ti ọ̀hún lè máa bá a lọ.