Ìpàdé Ọdọọdún Àwọn Onílé àti Ìtọ́jú Àdúgbò

Ẹni tí ó kọ́ ilé ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo kì í jẹ́ àdúgbò. Títì tí a ń gbà dé ilé, gọ́tà tí omi ń bá lọ, iná tí ó ń mọ́lẹ̀ sí ọ̀nà lóru, ọdẹ tí ó ń ṣọ́ wa nígbà tí a bá sùn, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti gbogbo wa ni. Ohun tí ó bá sì jẹ́ ti gbogbo wa, bí a kò bá jókòó sọ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onílé fi ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn ìlú wa mìíràn. Àwọn kan ń pè é ní ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù.

Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ohun àjèjì. Àwọn baba wa mọ ọ̀wẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ilé, á bẹ àwọn ènìyàn lọ́wẹ̀, wọn á wá, á sì bọ́ wọn. Bákan náà ni gbogbo ìlú máa ń jáde lọ yẹ ọ̀nà odò. Lóde òní, owó àti ìwé ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yí padà.

OHUN TÍ OMI KỌ́ ÌBÀDÀN

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, odò Ògùnpa sì kún kọjá bèbè rẹ̀. Àwọn tí ó kú ju 200 lọ. Ilé wó, ọkọ̀ bá omi lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé. Ó wó afárá, àwọn tí ó kú sì ju 100 lọ.

Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, a kò sì lè dá òjò dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti kọ́lé sí bèbè odò, wọ́n sì ti da ilẹ̀ sí ojú omi. Nígbà tí omi kò rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà, inú yàrá ló gbà.

Ẹ gbọ́ ná. Bí a bá ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí gọ́tà iwájú ilé wa, kì í dúró síbẹ̀. Òjò á gbé e lọ sí ìsàlẹ̀, á há sí abẹ́ afárá kékeré pẹ̀lú iyanrìn àti ewé. Omi á dúró, á sì máa padà sẹ́yìn. Ilé ta ni yóò wọ̀? Ilé ẹni tí ó wà lókè ibi tí ó dí ni. Ẹni náà lè ti kó gọ́tà tirẹ̀ mọ́ tónítóní, síbẹ̀ omi yóò wọlé tọ̀ ọ́. Àwọn àgbà sọ pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ gọ́tà.

Omi tí ó dúró tún ní ewu mìíràn. Ẹ̀fọn a máa yé sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin náà ti di ẹ̀fọn tí ó ń fò. Bí a bá ń da omi bẹ́ẹ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀fọn kò ní ráyè dàgbà níbẹ̀.

Nígbà ìjọba ológun, láàárín ọdún 1984 sí 1985, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìmọ́tótó àyíká. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, láti aago 7 sí aago 10 òwúrọ̀, olúkúlùkù níláti dúró sílé kí ó gbálẹ̀. Ní ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé dídá ènìyàn dúró sílé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n gọ́tà kò mọ̀ pé òfin ti yí padà. Yálà ìjọba lé wa jáde tàbí kò lé wa, ilẹ̀ ṣì ń kún inú rẹ̀.

OHUN TÍ À Ń ṢE NÍ ÌPÀDÉ ỌDỌỌDÚN

Ẹgbẹ́ lè máa ṣe ìpàdé lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ìpàdé ọdọọdún ló ga jù. Ohun mẹ́rin ni à ń ṣe níbẹ̀:

1. Akọ̀wé yóò ka ohun tí a sọ ní ìpàdé tí ó kọjá, kí a lè mọ èyí tí a ti ṣe àti èyí tí a kò tíì ṣe.
2. Alága yóò ròyìn iṣẹ́ ọdún náà.
3. Akápò yóò ka owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde.
4. A ó yan àwọn olóyè, a ó sì fẹnu kò lórí owó àti iṣẹ́ ọdún tuntun.

Ó dára kí a pe àwọn ayálégbé pẹ̀lú. Àwọn náà ń da omi, àwọn náà ń ju ilẹ̀ nù. Ó dára kí ìpàdé náà bọ́ sí oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, kí a lè kó gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

BÍ A ṢE Ń KA ÌWÉ OWÓ

Ibí ni ìwé kíkà tí a kọ́ ti wúlò jù. Ká ní ilé 40 ló wà ní àdúgbò kan, tí ilé kọ̀ọ̀kan níláti san ₦3,000 lóṣù. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ìwé akápò lè rí báyìí:

Owó tí ó yẹ kí ó wọlé lọ́dún: ₦1,440,000
Owó tí ó wọlé (ilé 30): ₦1,080,000
Owó ọdẹ (₦70,000 lóṣù): ₦840,000
Gọ́tà kíkó àti owó ọkọ̀ tí ó kó ilẹ̀: ₦150,000
Gílóòbù iná títì: ₦45,000
Àpapọ̀ owó tí a ná: ₦1,035,000
Owó tí ó kù: ₦45,000
Gbèsè ilé 10: ₦360,000

Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè: níbo ni rìsíìtì wà? Ṣé bánkì ni ₦45,000 náà wà, àbí ọwọ́ ẹnì kan? Ta ni olùyẹ̀wò tí ó wo ìwé yìí? Bí ẹnì kan bá sọ pé, “Bàbá Akápò, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ka ti gọ́tà lẹ́ẹ̀kan sí i,” kì í ṣe pé ó fi wọ́n wọ́lẹ̀. Akápò olóòótọ́ a máa fẹ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń wẹ̀ ẹ́ mọ́ lójú gbogbo ènìyàn.

ÀWỌN TÍ KÒ SAN OWÓ

Ilé 10 kò san. Kí a tó bínú, ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí rẹ̀, nítorí ìdí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹnì kan kò ní. Ó lè jẹ́ opó, tàbí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ dípò rẹ̀.

Ẹnì kejì ní, ṣùgbọ́n kò gbé àdúgbò. Ayálégbé ló kún ilé rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ̀wé sí i, kí ó sì jẹ́ kí ó mọ ohun tí a fi owó ṣe.

Ẹnì kẹta ní, ó sì ń gbé láàárín wa, ṣùgbọ́n ó ti san owó rí, kò sì rí iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe. Èyí ni ó yẹ kí á kọbi ara sí jù, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìhàlẹ̀ kò lè mú un san. Rìsíìtì lè mú un san. Níbi tí a bá ti fi owó pamọ́ fún ojú, àwọn tí ń san yóò máa dín kù lọ́dọọdún, títí gọ́tà yóò fi dí pátápátá.

LẸ́YÌN ÌPÀDÉ

Kí a kọ ìṣirò owó náà gàdàgbà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Kí a dá ọjọ́ iṣẹ́, kí a sì pín títì fún ara wa, láti ilé báyìí dé ilé báyìí. Lọ́jọ́ tí a bá kó gọ́tà, ẹ má ṣe fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sí bèbè gọ́tà o. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́, inú gọ́tà ni yóò tún padà sí, iṣẹ́ wa á sì di asán. Kí ọkọ̀ kó o lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òjò ọdún yìí yóò rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó bá wa ní ìmúrasílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí omi fi lè wọ ilé ẹni tí ó kó gọ́tà tirẹ̀?
2. Bí ilé 5 nínú ilé 10 tí ó jẹ gbèsè bá san tán, èló ni yóò wọlé?
3. Ní àdúgbò tiyín, ta ló ń ka ìwé owó, ta ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò?