Tọ́ọ̀nù 100 tó sọnù sínú kọ̀ǹpútà

Lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2009, bàálù Emirates kan fẹ́ gbéra ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ó ń lọ sí Dubai. Airbus A340 ni. Èèyàn 275 ló wà nínú rẹ̀, epo tó máa gbé e délé láìdúró lọ́nà sì ti kún inú rẹ̀. Tọ́ọ̀nù 362.9 ni ìwúwo tó yẹ kí wọ́n fi ṣe ìṣirò. Igbákejì awakọ̀ ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, ó sì tẹ 262.9 sí i. Ó tẹ 2 níbi tó yẹ kó ti tẹ 3. Kọ̀ǹpútà ò yarí. Ó gba ohun tí wọ́n fún un, ó ṣírò, ó sì gbé èsì jáde: agbára tí wọ́n máa fún ẹ́ńjìnnì rèé, ìyára tí wọ́n ti máa gbé imú ọkọ̀ sókè rèé.

Èsì náà péye dáadáa, fún bàálù mìíràn tó fi tọ́ọ̀nù 100 fúyẹ́ ju eléyìí lọ.

Nígbà tí ọ̀gá awakọ̀ sọ pé ó yá, kí igbákejì rẹ̀ gbé imú ọkọ̀ sókè, imú dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò kúrò nílẹ̀. Ìrù rẹ̀ ló ń ha ilẹ̀ gbàràgàdà. Ọ̀gá yára fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára tó kù, síbẹ̀ wọ́n ti kọjá òpin ojú ọ̀nà kí ọkọ̀ tó fi ilẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ lu iná àti eríà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n lọ da epo nù lórí omi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, wọ́n sì padà wá balẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú.

Ẹ ó ní, ṣé kò sẹ́ni tó yẹ iṣẹ́ náà wò ni? Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà ilé-iṣẹ́ náà ní ìyẹ̀wò lórí ìyẹ̀wò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ń já lura wọn nínú yàrá awakọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ìyẹ̀wò kan ò sì lọ bó ṣe yẹ. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà tó jáde látinú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n dà kọ sórí ìwé, òun náà ni wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀kan wé èkejì, wọ́n bára mu. Báwo ni wọn ò ṣe ní bára mu, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n?

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ ò mọ̀. Bàálù kì í sábà fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì gbéra. Bí ojú ọ̀nà bá gùn tí ẹrù ò sì pọ̀, wọ́n á dín agbára náà kù kí ẹ́ńjìnnì lè pẹ́ lò. Nítorí náà, bí bàálù ṣe sáré lánàá kọ́ ló ń ṣe sáré lónìí. Awakọ̀ lè wa èyí tó fúyẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kó wa èyí tó kún dẹ́nu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ara rẹ̀ ò sì ní sọ fún un pé ọkọ̀ yìí ń wọ́lẹ̀ jù. Tó bá wá jẹ́ òru, tí kò rí nǹkan kan níta ju iná lọ, ó di méjì. Òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: èèyàn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bàálù ò lè fi ara mọ̀ pé òun gbé tọ́ọ̀nù 100 tí òun ò kà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Auckland lọ́dún 2003, nígbà tí tọ́ọ̀nù 347 di 247 fún Boeing 747 Singapore Airlines kan. Ìrù tiẹ̀ náà ha ilẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni ìṣirò yìí máa ń dáhùn: báwo ni ọkọ̀ ṣe wúwo tó, àti apá ibo ni ìwúwo náà wà? Ẹni tó bá ti ru ẹrù rí mọ̀ pé ẹrù tó dúró ṣinṣin láàárín orí ò le tó èyí tó fì síwájú. Bí iwájú bàálù bá wúwo jù, imú á kọ̀ láti dìde. Bí ẹ̀yìn ló bá wúwo jù, imú á máa rọ́ sókè, awakọ̀ sì lè má rí i tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Charlotte, ní Amẹ́ríkà, nìyẹn lóṣù Kìíní ọdún 2003: ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré kan wúwo ju bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, àwọn tó tún un ṣe kò sì so okùn irin tó ń darí imú rẹ̀ dáadáa. Èèyàn 21 tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Wọ́n máa ń wọn àpótí. Èèyàn ni wọn kì í sábà wọ̀n. Iye kan ni wọ́n máa ń bù fún àgbàlagbà, wọ́n á bu òmíràn fún ọmọdé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó pani lẹ́rìn-ín jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé. Lóṣù Keje ọdún 2020, bàálù TUI kan gbéra ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Palma. Ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe ni, ibi tí wọ́n sì ti kọ ètò náà, ọmọdébìnrin ni wọ́n ń pè ní “Miss”. Bí kọ̀ǹpútà ṣe sọ àgbàlagbà obìnrin 38 di ọmọdé nìyẹn, tó bu kílò 35 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan dípò 69. Ìwé ẹrù fi kílò 1,244 dín sí òótọ́. Ọkọ̀ gbéra láìsí wàhálà, torí pé iye yẹn ò tó nǹkan fún Boeing 737.

Ti Halifax ní Kánádà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2004, 747 akẹ́rù kan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Gánà ń lọ sí Spéènì. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn olùwádìí ní ó jọ pé ìwúwo tí wọ́n fi gbéra ní ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ní Amẹ́ríkà, ni kọ̀ǹpútà tún lò: tọ́ọ̀nù 240 dípò 353. Ọkọ̀ sá dópin ojú ọ̀nà, ìrù rẹ̀ gbá òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan, ó sì já. Gbogbo àwọn méjèèje tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Nítòsí wa níbí, ní Kútọnu, kò tiẹ̀ sí ìṣirò tó ṣeé tọ́ka sí. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2003 ni. Boeing 727 kan ti ilé-iṣẹ́ UTA ti Guinea, tó ti Conakry dé, ń lọ sí Beirut, ọ̀pọ̀ èrò inú rẹ̀ sì jẹ́ ará Lẹ́bánónì tó ń lọ sílé fún ọdún. Ẹrù ọwọ́ pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n sì ń kó àpótí sínú ọkọ̀ láìsí ètò. Àwọn awakọ̀ fura pé ẹrù ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé iwájú ni èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà. Ọkọ̀ sá títí, imú rẹ̀ ò fẹ́ dìde. Ó kọ lu ilé kékeré kan lópin ojú ọ̀nà, ó sì já sí etí òkun. Ó lé ní 130 èèyàn tó kú. Ìwádìí di ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́ tí kò ní ètò, ó sì di òmíràn ru àwọn aláṣẹ Guinea tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ní tèmi, mi ò lè pe ìyẹn ní àṣìṣe awakọ̀.

Lẹ́yìn Charlotte, Amẹ́ríkà fi nǹkan bíi kílò 4.5 kún iye tí wọ́n ń bù fún àgbàlagbà. Air New Zealand àti Finnair náà ti ní kí àwọn èrò tó bá fẹ́ gun òṣùwọ̀n, kí wọ́n lè mọ bí èèyàn àti ẹrù ọwọ́ rẹ̀ ṣe wúwo tó ní báyìí. Ẹni tó bá ti rí àwa tí à ń wọ kóòtù mẹ́ta lé ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú torí owó ẹrù, á mọ̀ pé wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́.

Síbẹ̀, òṣùwọ̀n ò lè wo ìka tó tẹ 2 dípò 3 sàn. Àwọn olùwádìí Kánádà rí èyí lẹ́yìn Halifax. Lọ́dún 2006, wọ́n dámọ̀ràn pé kí bàálù máa ní ẹ̀rọ tí yóò máa wo bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, tí yóò sì tètè kígbe bí eré náà bá lọ́ra ju bó ṣe yẹ. Airbus ti ṣe irú rẹ̀ fún A350. Kò tíì di dandan fún gbogbo bàálù.