Àṣírí Vinča: Bọ́ǹbù tí Yugoslavia Kò Ṣe Parí

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá ní ẹ̀ka wa pé ìjọba Kọ́múníìsì wo ló lépa bọ́ǹbù átọ́míìkì, Sófíẹ́ẹ̀tì àti Ṣáínà la ó kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi náà kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí mo fi ń kàwé fún iṣẹ́ àṣetiléwá kan, tí mo sì bá Yugoslavia pàdé. Orílẹ̀-èdè náà ti túká báyìí, ṣùgbọ́n ohun tó fi pamọ́ kò bá a lọ.

Ní 1948, ìjà dé láàárín Tito, olórí Yugoslavia, àti Stalin. Ẹ̀rù ń ba Tito pé àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì lè wọlé dé. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá ilé ìwádìí Vinča sílẹ̀ nítòsí Belgrade. Pavle Savić, tó ti bá Irène Joliot-Curie ṣiṣẹ́ ní Paris rí, ló ṣíwájú iṣẹ́ náà. Lójú ayé, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń wá. Lábẹ́lẹ̀, àwọn olórí fẹ́ bọ́ǹbù.

Báwo ni ọ̀kan ṣe lè bo èkejì mọ́lẹ̀? Bí yuréníọ́ọ̀mù bá ti ṣiṣẹ́ nínú ríákítọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di plutonium. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi kẹ́míkà yọ plutonium yìí ti rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù. Ìmọ̀ kan náà ni. Ohun tí olówó iṣẹ́ ní lọ́kàn ló yàtọ̀.

Ní October 15, 1958, agbára ríákítọ̀ kékeré kan ní Vinča ròkè kọjá bó ṣe yẹ. Ènìyàn mẹ́fà ni ìtànṣán rẹ̀ bà. Ọ̀dọ́ bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n gbé wọn lọ sí Paris, níbi tí dókítà Georges Mathé ti fún márùn-ún nínú wọn ní mùdùnmúdùn eegun tí àwọn ará Faransé, tí kò mọ̀ wọ́n rí, fi tọrẹ. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ṣì ṣàjèjì nígbà náà. Ẹnì kan kú. Àwọn márùn-ún yè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ bọ́ǹbù náà rọlẹ̀. Yugoslavia tiẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn pé òun kò ní ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Àmọ́ nígbà tí Íńdíà dán tirẹ̀ wò ní 1974, Tito tún dá iná sí i ní ìkọ̀kọ̀. Ó di 1987, ọdún méje lẹ́yìn ikú Tito, kí wọ́n tó pa á tì. Wọn kò rí bọ́ǹbù kankan ṣe.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mí nìyí. Ogun fọ́ Yugoslavia ní àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n nǹkan bíi kílò 48 yuréníọ́ọ̀mù tó lágbára gan-an, tí Sófíẹ́ẹ̀tì ti fún wọn fún ríákítọ̀ ìwádìí, ṣì wà ní Vinča. Ó tó ṣe bọ́ǹbù. Ní August 2002, wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣọ́ sin ín lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì gbé e padà sí Rọ́ṣíà. Èyí tí ríákítọ̀ ti lò kò kúrò níbẹ̀ títí di 2010.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ní Vinča, ẹni tó bí i ti kú, ilé rẹ̀ ti túká, àwọn ẹlòmíràn ló wá pọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ lónìí máa béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìmọ̀ wa ṣe, kí a tó wọ yàrá ìwádìí wọn.